Zubaidah Tó Jókòó Sójú Títì Nítorí Ooru

Abà Ìdí-Ahùn,
lọ́nà Àkànrán,
Ìbàdàn.

Zubaidah, ọmọ mi àtàtà,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run bá ọ jí, kí ó bá ọ sùn, kí ó sì gbé ọ dìde kúrò níbi tí o jókòó sí. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá àga kan kí o tó kà á, nítorí ó gùn. Bí ó bá bá ọ lórí ìjókòó, jọ̀wọ́, kọ́kọ́ wo ohun tí o jókòó lé ná. Ara wa le níbí, àlùhámúdùlílàhí. Ara ìyá rẹ Mùjíbátù le ju tèmi lọ, ohùn rẹ̀ sì le ju ara rẹ̀ lọ láti ọjọ́ tí a ti rí ohun tí o ṣe. Òjò ń ṣe wá bí àna tó ní òun ń bọ̀: a ti gbálẹ̀, a ti to àga, a ò rí i. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì, ọ̀kan nínú wọn ya olórí kunkun, a sì ti fi orúkọ rẹ pè é.

Kàmọ́rù tó ń bá wa fi iná sí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ló pè mí ní ọjọ́ Àlàmísì kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, pé kí n wá wo ọmọ mi nínú fóònù òun. Mo wò, mo rí ọ. Ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ jókòó sójú títì l'Ékòó, ẹ gbé páálí lọ́wọ́, ọkọ̀ tò lẹ́yìn yín bí ìjàlọ, awakọ̀ kan sì ń lọgun. Kàmọ́rù ka páálí rẹ fún mi, ó ní o kọ ọ́ pé ayé ti ń gbóná jù, kí àwọn tó ń sun epo rọ̀bì ṣíwọ́. Inú mi dùn pé owó ilé-ìwé tí mo san kò wọ igbó. Lẹ́yìn ìrun Àsárì mo padà lọ wò ọ́, o ṣì wà níbẹ̀. Mo tún lọ lẹ́yìn Ìṣáì, o ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ kan náà, awakọ̀ yẹn náà ṣì ń lọgun, ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ há. Ní àárọ̀ Jímọ̀ o kò tíì dìde! Ìyá rẹ bú sẹ́kún pé ọmọ òun kò jẹun láti àná. Ó di mọ́ínmọ́ín márùn-ún, ó ní kí Kàmọ́rù bá òun fi ránṣẹ́. Kàmọ́rù ní oúnjẹ kì í gba inú fóònù kọjá. Bẹ́ẹ̀ owó ń gba inú fóònù kọjá, owó ló sì ń ra oúnjẹ, mi ò mọ ohun tó wá dí ọ̀nà mọ́ mọ́ínmọ́ín.

Kàmọ́rù tún ní ẹgbẹ̀rún méjìlá ènìyàn ló ti wò ọ́. Ẹgbẹ̀rún méjìlá, Zubaidah, ẹnì kan ò sì bu omi fún ọ mu! Ó ní igba ènìyàn ó lé díẹ̀ ló gbé àtàǹpàkò sókè nítorí rẹ. Ìyẹn yé mi, ìbò ni, àwa náà máa ń tẹ̀ ẹ́. Mo kí ọ kú oríire ipò tí o wọlé sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kàmọ́rù ò lè sọ bóyá kánsẹ́lọ̀ ni tàbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ọkọ̀ gba orí yín kọjá. Ó pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Ológo Méje. Bá mi wádìí ilé ìyá rẹ̀, mo fẹ́ lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn wọ́n, nítorí ẹni tó bí ọmọ méje kò ní fẹ́ kí ìkan nínú wọn máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ.

Ìwé tí o ní kí gbogbo wa fọwọ́ sí nínú fóònù, mo gbìyànjú rẹ̀. Mo dárúkọ mi, mo dárúkọ abà wa. Ló bá bi mí bóyá ẹ̀rọ ni mí. Mo ní rárá, Sàníù ni mí, ọmọ Ìdí-Ahùn, mo bí ọmọ mẹ́rin. Kò gbà. Ó gbé àwòrán mẹ́sàn-án síta pé kí n tọ́ka sí èyí tó ní iná ojú títì. Mo ní kò sí iná ojú títì lábà wa. Ó ní mo kùnà. Mo búra fún un, Kàmọ́rù jẹ́rìí mi, ó tún gbé kẹ̀kẹ́ síta. Bí o bá rí àwọn tó ni ìwé yẹn, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ní ẹran ara.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. O rán Kàmọ́rù sí mi pé ẹ tún ń lọ jókòó ní ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù yìí, pé bí mo bá súre wàá lọ, bí n kò bá súre o ò ní lọ. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ méjì péré, "má lọ", kí n sì lẹ̀ ẹ́ pa. Ó ní ẹni tó bá dí ọ̀nà mọ́ èèyàn ti sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. Ṣùgbọ́n o mọ iṣẹ́ mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ kànga gbígbẹ́, ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ni mo ti ń ṣe é, n kò sì sọ fún oníbàárà rí pé omi wà níbì kan láìjẹ́ pé mo gbẹ́ ibẹ̀ wò. Mo ní màá dán ìjókòó yìí wò fúnra mi kí n tó fèsì.

Ohun tí mo fi dán an wò rèé. Àwọn igi ńlá etí odò Ẹlẹ́ja, níbi tí o ti máa ń pọnmi, Àbáyọ̀mí oníṣòwò gẹdú láti Adégbáyì ti ń gé wọn láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ku mọ́kànlá. Bí ó ṣe ń gé e ni omi kànga abà ń sá lọ sísàlẹ̀. Okùn tí mo fi ń wọn kànga ní kókó, àlàfo kókó kan sí èkejì jẹ́ ìwọ̀n apá mi méjèèjì bí mo bá nà wọ́n tán. Lọ́dún tí a bí ọ, kókó karùn-ún ni omi ń bẹ̀rẹ̀ ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn èyí, kókó kẹsàn-án ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pe ará abà pé kí wọ́n wá wò ó, wọ́n ní Sàníù ń wá iṣẹ́ ni, pé ẹni tó ń gbẹ́ kànga kò lè ṣàì sọ pé kànga kò jìn tó.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti bàbá mẹ́tàlá péré tó gbọ́ tèmi ṣe lọ jókòó sójú ọ̀nà tí ọkọ̀ gẹdú ń gbà, ní ọjọ́ ọjà Àkànrán. Mo fi okùn wọn ìlà wa kó lè tọ́. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé, kì í ṣe ti Àbáyọ̀mí, ọkọ̀ tó gbé Ìyá Ànúolúwapọ̀ ti ìjọ Kérúbù ni, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátò mẹ́rin. Ó ní kí la ń ṣe nílẹ̀. Mo fi sùúrù ṣàlàyé fún un, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ pupa tó wà lókè, n kò tíì dé orí yangí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ó fi káwọ́ lérí. Ó ní òun ò ní àdá, ká má tíì sọ ayùn, igi wo lòun gé? Mo bá tún padà sórí ilẹ̀ pupa.

Lẹ́yìn náà ni Mojí, nọ́ọ̀sì tó ń gún àwọn ọmọ wa lábẹ́rẹ́ àjẹsára, dé lórí ọ̀kadà, ó gbé kúlà lé itan. Ó ní yìnyín inú kúlà òun ti ń yọ́. Ó ní ẹ̀yin bàbá, ẹ̀ ń bínú sí ooru, ooru yìí kan náà ló ń ba abẹ́rẹ́ ọmọ yín jẹ́ lọ́wọ́ òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, a yà fún un. Áà, Zubaidah, ibẹ̀ la ti ṣìṣe! Ẹni tó ń ta ẹja ní òun náà gbé kúlà. A yà fún un. Ẹni tó ń ta wàrà ní tòun ló tutù jù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń yá ara wọn ní kúlà, kúlà pupa kan gba iwájú mi kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin pẹ̀lú oníkúlà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyá Ànú nìkan, tí kò mọ irọ́ pa, ló dúró sínú oòrùn pẹ̀lú tòmátò rẹ̀.

Níkẹyìn Àbáyọ̀mí dé. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni o. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ẹ̀yin bàbá mi, ẹ kú oòrùn, ẹ má jẹ́ kí ara yín gbẹ. Ó ní òun gbé omi inú ọ̀rá tó tutù nini dání, ó sì tò ó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. A dìde, mo jẹ́wọ́. Bí mo ṣe fi eyín ya ọ̀rá kejì ni mo gbọ́ ìró ọkọ̀. Gẹdú mẹ́rin ló gbé kọjá, ó sì fọn fèrè láti fi dágbére fún wa.

Lọ́jọ́ kejì, àgbàlá wa kún. Ènìyàn mẹ́tàlélógún, ọ̀kan láti agbo ilé kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹnì kan tó wá kí mi. Ìyá Ànú ló ṣáájú, ó da tòmátò tó ti jẹrà sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní òun tóun ti ń sunkún nítorí àwọn igi yẹn tẹ́lẹ̀, wọn ìbáà gé gbogbo wọn lónìí, òun yóò bá Àbáyọ̀mí ra ayùn mìíràn. Àwọn yòókù ní àmín. Ìyá rẹ wò mí, ó lọ gbé bírò wá fún mi. Mo kọ "má", ó ku "lọ".

Ìyá Ànú wá ní kí n fún òun lómi fọ omi tòmátò kúrò lọ́wọ́. Mo ní kànga wa nìyẹn, okùn oníkókó mi nìyẹn. Ó ju korobá sínú rẹ̀, ó ń tú okùn sílẹ̀, bí kókó bá sì ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ló ń bú mi. Ní kókó kìíní, ó ní n kò nítìjú. Ní ìkejì, ó ní àṣejù ló pa orí mi. Ní ìkẹta, ó dárúkọ bàbá mi nínú sàréè. Ní ìkẹrin, ó ní wòlíì òun yóò fi mí sínú ààwẹ̀. Ní ìkarùn-ún, ó bú imú mi. Ní ìkẹfà, ó ń wá èébú kiri. Ní ìkeje, ó tún bú imú mi. Ní ìkẹjọ, ó ń yọjú wo inú kànga. Ní ìkẹsàn-án la tó gbọ́ ìró omi. Ó yíjú sí mi, ó ní Sàníù, ìgbà wo lo máa ń sọ pé ó wà ní márùn-ún? Mo ní lọ́dún tí a bí Zubaidah. Gbogbo àgbàlá sún mọ́ kànga. Wọ́n tò, wọ́n ń sọ korobá lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ń ka kókó tirẹ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ lè dín.

Ìyá Ànú wá bú mi lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí sì ni mo fẹ́ kí o fetí sí. Ó ní ìwọ ọkùnrin yìí, bí olè bá ń jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ, ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ lo ń so ààlè mọ́ ni àbí ọrùn ẹni tó ń kọjá lọ? Ó gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo rẹ̀, ó lọ sétí odò, ó fi kọ́ sára igi àkọ́kọ́. Ni gbogbo abà bá ń so ààlè: ìgbálẹ̀ tó ti kú, bàtà ẹsẹ̀ kan, búúta àlùwàlá tó ti lu. Kàmọ́rù so wáyà tí kò gbé iná mọ́. Lẹ́yìn náà a jókòó sídìí àwọn igi, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn tó ń bá Àbáyọ̀mí la igi dé, wọ́n wo àwọn ààlè náà, wọ́n ní ààlè agbo ilé mẹ́tàlélógún kọ́ làwọn máa fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àbáyọ̀mí tún dọ̀bálẹ̀, ó tún gbé omi síta. Òùngbẹ ń gbẹ wá o! Ẹnì kan ò dìde. Mọ́gàjí, olórí ẹbí onílẹ̀, ti ní kí ẹni tó ta ilẹ̀ etí odò fún Àbáyọ̀mí wá rojọ́. N kò mọ ibi tí ẹjọ́ yóò já sí, ṣùgbọ́n mọ́kànlá ṣì ni wọ́n láàárọ̀ yìí, mo kà wọ́n kí n tó kọ ìwé yìí.

Èsì mi rèé, ọmọ mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, wọn ò wá. Ìbínú ló gbé wọn wá sẹ́nu kànga lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ká ní kò sí okùn nílẹ̀, Àbáyọ̀mí ni ìbínú yẹn ìbá ṣiṣẹ́ fún. Nítorí náà, lọ. Àmọ́ ẹ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn àwọn tó ń sun epo, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, ẹ má gba omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá dọ̀bálẹ̀ jù. Ẹni tó bá sì bú yín, ẹ mú un dé ibi tí yóò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka kókó okùn.

Ìyá rẹ ti gbà, àmọ́ ó ní òun kò ní jẹ́ kí o nìkan jókòó, òun ń bọ̀ wá jókòó tì ọ́. Èmi kò lè wà nílé kí n máa dáná fúnra mi, èmi náà ń bọ̀. Ìyá Ànú gbọ́, ó ní òun ń tẹ̀lé wa, pé èébú tó kù sí òun nínú pọ̀, ó sì ṣeé lò l'Ékòó. Jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ èèyàn mẹ́ta ránṣẹ́ sórí fóònù Kàmọ́rù. Fi owó apẹ̀rẹ̀ tòmátò mẹ́rin kún un, nítorí obìnrin náà kò gé igi kankan, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló pàdánù, n kò sì lè bá a wọ ọkọ̀ kan náà láìsan án.

Ọlọ́run yóò rọ òjò sí àsìkò fún wa. Yóò fi ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu, yóò sì fi etí sí àwọn tí o ń bá wí. Bí ẹ bá sì jókòó lọ́jọ́ Ajé, ẹsẹ̀ ara yín ni ẹ ó fi dìde, ọlọ́pàá kò ní bá wa gbé yín.

Èmi ni bàbá rẹ tòótọ́,
Sàníù, tí kì í ṣe ẹ̀rọ.