Òkú Tí Kò Sí Nínú Lẹ́tà Lamatou

Bassila,
Dahomey.
Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Mars, 1957.

Roukayatou, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí: kámíọ̀n iṣu kan tó tẹ̀ sápá òsì, tó ń lọ sí Pénéssoulou, ewúrẹ́ onílé mi lórí àga mi, àti Lamatou, akẹ́kọ̀ọ́ mi, tó jókòó sórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà mi, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, eruku ọ̀nà Manigri dé orúnkún rẹ̀.

Àmọ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Awaou ńkọ́? Awaou fúnra rẹ̀, ṣé ó ti hu eyín? Ìyá wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ààwẹ̀ ń bọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó bá gbogbo wa láyọ̀. Ara tèmi le, orí mi ni kò ṣe déédéé.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa ló ní kí n ṣe bàrẹ́ẹ̀mù, ìwé òdiwọ̀n tó ń sọ iye nọ́ọ̀tì tí a ó fún nǹkan kọ̀ọ̀kan nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ, kí olùkọ́ kan má baà lawọ́ ju èkejì lọ. Fún nọ́ọ̀tì márùn-ún tó gbẹ̀yìn nínú ogún, mo kọ ọ́ báyìí: "Ìròyìn náà hàn kedere." A wá fún wọn níṣẹ́: kọ lẹ́tà lédè Faransé sí ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà lẹ́yìn odi, fi tó o létí pé bàbá àgbà kú.

Ìlà àkọ́kọ́ ni Idrissou ti kọ ọ́ pé bàbá àgbà kú lánàá. Ó gba márùn-ún. Lamatou kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, ó ní ara Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ le, ilé ń béèrè rẹ̀, kó má dúró dìgbà ìsinmi. Mùsyé Kassimou, olùkọ́ ará Alédjo tá a jọ ń yẹ ìwé wọn wò, yí ìwé náà padà bóyá òkú wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ta ló kú níbí? Èmi ò rí òkú o." Mo rẹ́rìn-ín. Òfin tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni. Mo fi òdo sí i. Òdo yẹn ni kò jẹ́ kí Lamatou gba ìdajì, bàbá rẹ̀ sì ti sọ pé tí kò bá wọ kíláàsì tó kàn, ilé ọkọ ló ń lọ.

Ohun tó gbé e wá sọ́dọ̀ mi láàárọ̀ yìí nìyẹn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ ikú. Ó dá mi lóhùn:

"Tántì, ẹ̀gbọ́n mi dá wà lọ́hùn-ún. Tó bá kà á, ta ni yóò dì í mú?"

Roukayatou, mo rántí ọjọ́ tí lẹ́tà ilé bá ọ ní Porto-Novo. Ara Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ le, kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀, o sì ti tú gèlè kó o tó kà á tán. Ta ló sọ fún ọ?

Mo pa "kedere" rẹ́, mo kọ "kí ẹni tí a kọ ọ́ sí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀." Mo fún Lamatou ní márùn-ún. Idrissou wá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n tiẹ̀ náà mọ̀. Kò kàn sẹ́ni tó dì í mú ni. Mo fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ gba márùn-ún, ẹni tí kò sọ ọ́ gba márùn-ún: ṣé òdiwọ̀n nìyẹn? Tí ọ̀gá bá kọ̀ ọ́ lọ́la, kí ni n ó wí? Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí. Wọn ò sọ iye nọ́ọ̀tì tí ààbọ̀ náà ń gbà.

Bá mi kí Ìyá wa, kó o sì fẹnu ko Awaou lẹ́nu fún mi. Ìwọ ni kó o sọ èrò rẹ fún mi, torí ìwọ lo ti gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí.

Lamatou wọ bàtà rẹ̀ kó tó kọjú sí Manigri. Nígbà tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀ níkẹyìn, aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá. Mi ò sùn.

Èmi tìrẹ, tí ò tíì mọ èyí tó tọ́,
Àsùmáù.