Àbàjà Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bèbí

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́, Gbossimé

Mo ti fọ bèbí rọ́bà àtijọ́ tí Ìyá Rísí gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe mi. Ọṣẹ lásán ti tó fún ìdọ̀tí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìlà bíírò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló le. Mo fi ìpara irorẹ́ kùn ún, mo sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ sì lọ. Inú mi ń dùn, èmi òmùgọ̀.

Ìyá Rísí dé láti gbà á, ó wo ojú bèbí náà títí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹsẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi fọ̀."

Ó ní Rísí ọmọ òun ló fi bíírò kọ irú àbàjà ìyá àgbà rẹ̀ síbẹ̀ kí ọmọ náà tó kú.

Ó yẹ kí n ti bi í kí n tó…

Mo ní kí n tún un kọ. Ó rọra gba bíírò lọ́wọ́ mi. "Kì í ṣe ọwọ́ yín ló kọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Ó dúpẹ́ kó tó lọ. Ká ní ó tiẹ̀ bú mi, ì bá sàn.