Ahọ́n Jẹ́jẹ́ Ti Wọlé

Àǹtí mi, ẹ má bínú. Bí mo ṣe ń pariwo láàárọ̀ pé ta ló ṣílẹ̀kùn àgò Jẹ́jẹ́, alágẹmọ mi, tí ahọ́n rẹ̀ fi yọ síta tí kò wọlé mọ́, ẹ kàn ń ránṣọ yín lọ.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, ó ní ẹnì kan ti ń fi omi rin ahọ́n náà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ì bá ti gbẹ, òun ì bá sì gé e. Ìgbà tí mo délé ni mo rí àgékù aṣọ yín nínú àgò rẹ̀, tó ṣì tutù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sá fún un!

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ fi ìrẹ̀ méjì sínú ife fún un, kó má na ahọ́n jìnnà.

Ẹ ṣeun, ìyá mi. Kọ́kọ́rọ́ àgò rẹ̀ rèé, ẹ má yọ́ wá a nínú àpò mi mọ́.