Suwíìsì Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí Mo Pa

Bàbá mi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Ìwó níbí, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Ara Màmá le. Èmi ni ọkàn mi kò balẹ̀.

Ẹ rántí gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa suwíìsì rẹ̀? Bí wọ́n bá mú iná wá nígbà tí gbogbo ilé ń sùn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni yóò jí yín. Ẹ ó da aṣọ ìbora borí, ẹ ó lọ tan ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga sí táńkì, kí àwọn aládùúgbò lè rí omi ṣe àlùwàlá àsùbáà. Bí mo bá ń kùn nítorí ariwo ẹ̀rọ náà, ẹ̀rín lásán ni ẹ ó rín. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Màmá ló ń ṣe é.

Àná ni mo dé láti yunifásítì. Kí n tó sùn, mo pa suwíìsì náà, bó ti mọ́ mi lára nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Iná dé, iná lọ, a ò mọ̀. Nígbà tó di àsùbáà, Ìyá Muri aládùúgbò wa gbé búùtà rẹ̀ dé ìdí táńkì, ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀kán omi kan kò já bọ́.

"Ṣé kò sí omi ni? Iná mà wá lóru o."

Màmá wo suwíìsì, ó wò mí. "Oorun ló gbé mi lọ, ẹ má bínú."

Ó parọ́ nítorí mi, Bàbá. Ojú tì mí gidigidi.

Ohun tó burú jù nìyí. Wọ́n ní ká yan ọ̀kan nínú kọ́ọ̀sì méjì: bí iná ṣe ń ti ibùdó rẹ̀ dé ilé onílé, tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ẹnjiníà iná ni ẹ ń pè mí. Bí ọlọ́kadà bá gbé yín, kó tó sọ̀ yín kalẹ̀, yóò ti gbọ́ pé ọmọ yín ló máa tún iná Ìwó ṣe.

Bàbá, ìbánisọ̀rọ̀ ni mo yàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé bí ohùn ènìyàn ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá láìsí wáyà, n kì í fẹ́ kí ó dákẹ́. Ti iná, oorun ló ń kùn mí níbẹ̀. Ṣé ẹ̀ ń bínú? Màmá kò tíì mọ̀. Lẹ́yìn irọ́ tó pa fún mi láàárọ̀, ẹnu mi kò gbà á láti sọ.

Wọ́n fún wa láyè títí di ọjọ́ Ẹtì láti yí i padà. N kò ní yí i padà.

Mo ti tan suwíìsì. Abẹ́ gílóòbù yín ni màá sùn lónìí, èmi ni màá dìde fa omi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí omi ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Kí Ọlọ́run fi Alijánnà kẹ́ yín.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Ẹnjiníà, tí kì í ṣe ti iná.