Ẹni Tó Kí Mi Káàbọ̀ Lórí Omi

Bódìjà, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Okùn ti bó mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dín ìgbòkun, aṣọ tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀, kù: wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ká ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fokùn dì í, kí afẹ́fẹ́ má baà dojú ọkọ̀ dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá Àlàbí tó ni ọkọ̀, tó ń kọ́ mi, ní kí n tú u, kí n tún un dì.

Lẹ́yìn náà, a fa ìgbòkun kékeré iwájú sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, a so ọwọ́ ìtọ́kọ̀, igi tí a fi ń darí ọkọ̀, mọ́lẹ̀, ọkọ̀ onígi àtijọ́ náà sì dúró jẹ́ẹ́ láàárín omi Ẹlẹ́yẹlé, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

Apẹja kan wà nítòsí nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń fa àwọ̀n. Mi ò lè rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí n má kí i. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Kò yíjú. Ó ní, "Káàbọ̀."

"Ta lò ń kí?" Bàbá ló bi mí. Mo nawọ́ sí apẹja náà. Wọ́n wòbẹ̀ títí, wọ́n tú ìtọ́kọ̀, wọ́n darí ọkọ̀ sí etí omi títí a fi gúnlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó dá ọ lóhùn?"

Mo ní rárá. Mi ò mọ ìdí tí mo fi parọ́.

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Sátidé tó ń bọ̀, ìwọ nìkan lo máa wà á."

Wọn kì í fi káàbọ̀ dáhùn ẹ kú iṣẹ́. Onílé ló ń kí ẹni tó dé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, ìyàwó mi ní, "Ẹ káàbọ̀." Ẹnì kan ti kí mi ṣáájú rẹ̀.