Ohùn Tó Ṣíwájú Ẹnu

Yàrá ìkàwé mi,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ẹnjiníà,

Mo kí ọ tọwọ́tẹsẹ̀. Mo lérò pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ ń lọ déédéé, àti pé o ti ń jẹun àárọ̀ báyìí, nítorí mo mọ̀ ọ́. Ara tèmi náà le. Màmá ń kí ọ, wọ́n sì ní kí n bi ọ́ bóyá wọn kò tíì tẹ oṣù tí o ní ò ń bọ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà ni. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti ń wá oṣù náà.

O mọ̀ pé mo ṣì ń ka ìwé fún ilé ìkàwé àwọn afọ́jú, nínú yàrá kékeré tó kángun sí pálọ̀, tí mo fi aṣọ bo ara ògiri kí ohùn má baà ta padà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ kú, ìwọ lo tọ́ mi sọ́nà lórí fóònù títí a fi kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú tuntun. Ó wá di kọ̀ǹpútà tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà bí ayálégbé. Mo ṣì ń dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ayálégbé yìí fi ojú mi rí màbo. Bí mo bá ń kàwé, mo gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ohùn ara mi nínú íápíìsì, ohùn náà sì ní láti gba inú kọ̀ǹpútà méjèèjì kọjá kó tó dé etí mi. Nọ́mbà kan ló ń sọ ìwọ̀n ohùn tí ẹ̀rọ yóò kó jọ kó tó gbé e jáde. Bí mo bá dín nọ́mbà náà kù, ohùn ń yá, ṣùgbọ́n ó ń ta pàràpàrà bí àgbàdo lórí iná. Bí mo bá fi kún un, ohùn á mọ́ gaara, ṣùgbọ́n á pẹ́ dé. Mo ti wà nínú gbólóhùn kejì kí n tó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi lé méjèèjì.

Lọ́jọ́ Ajé, o ní kí n jẹ́ kí ohùn mọ́, kí n wá kọ iye àsìkò tó fi ń pẹ́ sínú àpótí àtúnṣe tó wà lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ lè fà á padà sí ààyè rẹ̀. Ojú ń kán mi. Mo ṣèèṣì fi àmì ìyọkúrò ṣáájú nọ́mbà, mo sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, sínú kọ̀ǹpútà ìta àti ti inú. Lójú ẹsẹ̀, ohùn mọ́, kò sì pẹ́ rárá. Mo hó yèè. Màmá ké láti pálọ̀ pé, "Ṣé àbíkẹ́yìn mi ti dé ni?"

Ọjọ́ kejì ni mo wá kíyè sí i pé ohùn mi ń dé etí mi kí n tó lanu. Mo rò pé ó rẹ̀ mí ni. Màmá wúkọ́ nínú íápíìsì. Ó tó bí èémí mẹ́ta kí wọ́n tó wúkọ́ ní pálọ̀. Orí mi wú. Mo pa ẹ̀rọ, mo lọ jókòó tì wọ́n, títí wọ́n fi bi mí pé kí ni mo sọ nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn.

Mo yọ àmì náà kúrò, ohun gbogbo sì padà bọ̀ sípò. Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n o mọ ojúmìító mi. Láàárọ̀ yìí mo dá a padà, mo sì fi nọ́mbà ńlá sí i. Mo jókòó, mi ò sọ nǹkan kan. Ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi, kedere, tó ní, "Àbúrò mi, o pẹ́ dé." Ó tún un sọ, ẹkún sì wà lọ́fun rẹ̀. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn, mo gbọ́ báàgì tí ẹnì kan gbé sílẹ̀, mo gbọ́ aago pálọ̀. O mọ̀ pé mi ò gba ohùn sílẹ̀ rí nínú ilé yìí kí ikọ́ Màmá tàbí ìró bàtà wọn má wọ inú rẹ̀. Ilé ìkàwé ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí títí ó fi sú wọn. Mo tẹ́tí dáadáa. Ohùn náà mọ́ ju gbogbo èyí tí mo ti gbà lọ. Màmá ò sí níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Ẹ̀rù ohùn ara mi ń bà mí. Màmá le koko bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọ́n jẹun tán, wọ́n sì ń bá rédíò jà. Mi ò mọ bí nọ́mbà yẹn ṣe jìnnà tó, bóyá ọ̀sẹ̀ kan ni, bóyá ọdún kan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà. Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́. Máa bọ̀.

Kí ọ̀nà là fún ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí o dé kí o bá gbogbo wa ní pípé.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó pọ̀n ọ́ dàgbà.

Àfikún: Mo ti ń lẹ lẹ́tà yìí pa nígbà tí Màmá wọlé wá. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ẹ láàárọ̀ tí ò ń bá àbúrò ẹ wí. Má bá a wí mọ́. Sọ fún un pé mo dúró dè é gan-an ni." Etí mi nìkan ni íápíìsì wà láàárọ̀ yìí, mi ò sì lanu.