Ohun tí Màmá Fi Ìró Bò

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́.

Látìgbà tí Màmá ti dé láti Ìwàràjà ni inú mi ti ń dùn pé ara wọn ti bọ̀ sípò lẹ́yìn ikú Bàbá. Àṣé irọ́ ni.

Ní kílíníìkì l'Ọ̀fàtẹ̀dó lónìí, nọ́ọ̀sì ní ìwúwo nìkan ò tó, àfi kí òun fi wé gíga obìnrin kí òun tó mọ̀ bóyá ó sanra jù tàbí ó rù jù. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ gèlè, ẹ tú ìró òkè."

Wọ́n tú u, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tú ìyẹn náà, ẹ̀kẹta yọjú.

Nọ́ọ̀sì ṣírò rẹ̀ tán, ó ní Màmá ti rù jù fún gíga wọn. Mo fẹ́ jágbe, omijé ló jáde.

"Ọmọ mi, mi ò fẹ́ kí àyà rẹ já ni."

Mo gún iyán nígbà tí a délé. Wọ́n kàn ń wò ó. Mo bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi ń jẹun mọ́.

"Ta ni n ó bá jẹ ẹ́?"

Mo gbé abọ́ tèmi tì, mo fọwọ́, mo sì na ọwọ́ sínú tiwọn.